Ẹja Tí Ẹ̀pẹ́ Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, iná ìjọba kò tíì lọ,
Wákílù fi irin tú páálí pánlá,
yìnyín fọ́n ká bí iyọ̀ tí ọmọdé dànù.
Láàrin àwọn pánlá tó tò jọ bí ẹní tí a ká
nǹkan kan dùbúlẹ̀ tí kì í ṣe ara wọn:
kò gùn tó ìka mi,
orí rẹ̀ tóbi ju ara lọ, bí ọmọ tó dé fìlà bàbá rẹ̀,
ẹ̀gún lẹ́rẹ̀kẹ́, ẹnu gbàǹgbà
bí ẹni tí wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ lẹ́nu.

Níbí, ojú la fi ń mọ ẹja, ìrù la fi ń mọ̀ ọ́n.
Ìyá Sùwébátù lè dijú, kó fọwọ́ kan ìpẹ́, kó ní,
"Èpìyà Èjìnrìn nìyí, kò sùn lọ́nà."
Ó gbé eléyìí, ó yí i padà, ó gbóòórùn rẹ̀,
ó ní, "Ẹ ránṣẹ́ pe Bàbá Dísù."

Bàbá Dísù, tó ti ń da àwọ̀n sọ́sà
láti ìgbà tí ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì ṣì jẹ́ ìròyìn,
fi awò sójú, ó bọ́ ọ, ó tún fi sójú.
"Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ," ó ní.
"Mi ò mọ ilé eléyìí."

Èmi wo ikùn rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ,
lẹbẹ àyà tó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀,
mo mọ̀ pé ẹja tó ń fi àyà wọ́lẹ̀ ni,
nísàlẹ̀ òkun tútù kan,
níbi tí oòrùn ń yà bí àlejò tí kì í jókòó.
Àwọ̀n tó ń wá pánlá ló wọ́ ọ lójú oorun.
Wọ́n kó o mọ́ wọn, wọ́n wọ̀n ọ́n mọ́ wọn,
àwa náà sì ti sanwó rẹ̀ láìmọ̀.

Òkú Èkó ni bàbá àgbà mi ń pe ẹja yìnyín.
Òkú ni lóòótọ́.
Òkú ta ni?

Wákílù jù ú fún ológbò.
Ológbò wo ẹ̀gún, ó bá tirẹ̀ lọ.
Oníbàárà kan ní èló ni.
Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá Dísù fi ewé kókò wé e,
ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté. Mo tẹ̀lé e.
Yìnyín ti yọ́, ẹja ti rọ̀,
ó fẹ́ẹ̀ jọ ẹni tó fẹ́ jí.
"Omi kan náà ni gbogbo omi," ó ní, ó sì jẹ́ kó bọ́.
Mi ò jiyàn. Ọ̀sà wa lóṣù yẹn
lọ́wọ́ọ́wọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun,
iyọ̀ rẹ̀ kò tó ti ọbẹ̀.
Ẹja náà kò sì rì. Ó léfòó, ikùn lókè,
ọmọ ìsàlẹ̀ tó di ará òkè lẹ́yìn ikú,
àwọn èpìyà kéékèèké ń tọ́ ọ wò.

Bàbá ní kí á máa pè é ní Àjèjì.
Orúkọ yẹn kò dùn mọ́ mi.
Mo padà sí yàrá yìnyín, mo ṣí ìwé ọjà:
pánlá, páálí mẹ́rìndínlógún,
kòtè, mẹ́sàn-án.
Mo fa ìlà sísàlẹ̀, mo kọ "ẹyọ kan,"
mo sì fi àyè orúkọ sílẹ̀.