Igo kan láti Madiránì

Ìbíwùnmí gbé igo náà dé láàárín aṣọ òtútù,
ó fi ìbọ̀sẹ̀ méjì wé e lọ́rùn bí ọmọ tuntun.
Láti ilẹ̀ Faransé dé Ìlọrin, láti Ìlọrin dé Ìsánlú-Ìsin,
ọkọ̀ jù ú sókè nínú kòtò Àjàṣẹ́,
kò fọ́.

Bàbá Àjíbóyè nà án sójú oòrùn.
"Ó mà dúdú o. Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"
"Àjàrà ni, Bàbá. Táńnà lorúkọ rẹ̀.
Olóríkunkun ni, awọ rẹ̀ nípọn.
Bí wọn ò bá jẹ́ kó dàgbà nínú àgbá,
á fún ahọ́n pọ̀ bíi kajú tí kò pọ́n."

Bàbá ò bèèrè iye tó rà á.
Ó ní, "Oko ta ni?"
Ìbíwùnmí kà á fún un lára bébà igo:
orúkọ abúlé, orúkọ ìdílé, ọdún tí wọ́n ká a.
Ilẹ̀ amọ̀ ni, ó ní, a máa lẹ̀ mọ́ bàtà.
Láàárọ̀ tójú ọ̀run bá mọ́, èèyàn á rí òkè yìnyín lọ́ọ̀ọ́kán.
Màdáàmù Odẹ́ẹ̀tì, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ẹ̀ka.
Bó bá rẹ́ ẹ tán, á fọwọ́ pa á lára,
á tọrọ gáfárà lọ́wọ́ igi.

Ibẹ̀ ni Bàbá ti gbójú sókè.
"Lọ́wọ́ igi? Ẹni tèmi nìyẹn."

Òun náà, kó tó fọ̀bẹ kan ọ̀pẹ, a máa kí i:
Jẹ́-n-Sinmi tẹ̀yìn ilé,
Olóyè tó tẹ̀ sápá òsì,
Ìyàwó-Ò-Gbọdọ̀-Gbọ́ tó wà létí odò.
Ọ̀pẹ mẹ́tàdínlógún, kò sí èyí tí kò lórúkọ,
kò sì sí bébà tí wọ́n kọ ọ̀kan sí.

A ṣí i. Ó mu ún, ó dákẹ́ pẹ́.
"Ó le. Ó dà bí ẹni tó mọ èèyàn tí kò kí i."
Ó tún mu. "Ọdún wo lo pè é?"
Ìbíwùnmí tún un pè.
"Ọdún náà ni mo sin Àwẹ̀ró."

Ewúrẹ́ kan ń fara ha ògiri.

"Ẹmu tí mo dá lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀,
a mu ún tán kílẹ̀ tó ṣú, kó má baà kan.
Àṣé àwọn kan ń tọ́jú ọdún náà sábẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún,
wọn ò mọ̀ pé tèmi wà nínú ẹ̀."

Èmi ń wo ọwọ́ ara mi.
Mo lè tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, mo lè gun ọ̀kadà dé Ọ̀fà lóru,
n kò gun ọ̀pẹ rí.
Igbà Bàbá wà lórí ìṣó, ó gbẹ bí awọ ejò.
Igbà tá a fi ń gọ̀pẹ, ìgbà tó ń gorí wa:
ohùn kékeré kan ló là wọ́n.

Igo ṣófo, Bàbá ní ká má sọ ọ́ nù.
Ó fi àkàbà dé ọrùn Jẹ́-n-Sinmi,
ó rọ ẹmu àárọ̀ sínú igo, ó ki èdídí bọ̀ ọ́.
"Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ọdún máa fi í ṣe."
Ìbíwùnmí ní kò ní gbà. Ta ló dá a lóhùn?

Ọ̀gànjọ́, gbòlà!
Èdídí lu àjà, ìfófòó bo kàlẹ́ńdà ìjọ,
ewúrẹ́ ké.
Láti orí ẹní, Bàbá ń rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn:
"Ó lóun ò lè dúró de ẹnì kankan."

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀,
igbà wà lẹ́nu ọ̀nà mi nínú bàsíà,
wọ́n ti fi omi rẹ ẹ́.