Ìwé Jìtá Mùdá

Mo kọ́kọ́ rò pé ìwọ̀n aṣọ ni.
Aránṣọ ni mí, ní Òkè-Fìà, lẹ́yìn ilé epo;
nọ́ńbà tí mo bá rí nínú ìwé,
àyà ni, ìbàdí ni, gígùn apá ni.
Mẹ́ta, òdo, méjì, òdo, mẹ́ta.
Mo ní, ta ni Mùdá fẹ́ rán irú aṣọ yìí fún,
ta ni ìbàdí rẹ̀ jẹ́ òdo?

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ọ́, sẹ́yìn rìsíìtì rélùwéè,
báírò búlúù, ìlà mẹ́fà tó fi rúlà fà;
ó ká a, ó tì í sínú ihò jìtá.
Ó di ọdún kẹta tó ti lọ kí a tó rántí àpótí náà:
okùn méjì ti já, aáyán ti yé sínú igi.

Ìbídàpọ̀, ọmọ iṣẹ́ mi,
tó ń ta béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìgbọ̀nà,
rẹ́rìn-ín títí, ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ tọ́ka:
"Màámi, ìlà kan, okùn kan.
Nọ́ńbà ni irin tí ẹ máa tẹ ìka mọ́.
Òdo kì í ṣe òfo. Ẹ má tẹ nǹkan kan, ẹ ṣáà ta á."
Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ge kọ́là,
mo fa àpótí, mo jókòó síwájú ọmọdé.
Àgbà tó bá fẹ́ kọ́ nǹkan tuntun,
kó fi ìtìjú kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ta á sódì.
N kò mọ̀ pé ìlà òkè nínú ìwé
ni okùn ìsàlẹ̀ lára igi,
tínńrín tó ń han bí ẹ̀fọn létí.
Àfìgbà tí mo gbé e sórí itan,
tí mo tẹrí ba wò ó láti òkè,
ni mo rí i pé òdì gan-an lòótọ́.

Ìka tí abẹ́rẹ́ ti gún títí tó le bí igi,
okùn jìtá ṣì rí ibi tí yóò ge níbẹ̀.
Èékánná Màmá wa kò funfun rí, aró ni títí ó fi kú.
Kò síṣẹ́ tí kì í kọ orúkọ rẹ̀ sọ́wọ́ ẹni.

Mo wá mọ ibi tí ìka ń lọ,
ṣùgbọ́n ìwé náà kò sọ bí yóò ti pẹ́ tó níbẹ̀.
Ó dà bí Yorùbá tí wọn kò fi àmì sí:
ṣé igbá ni, ṣé ìgbà ni, àbí igba náírà?
Àfi ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí.
Mo gbọ́ ọ rí.
Ògiri amọ̀ kan ló wà láàrin wa, nílé ẹ̀yìn téṣàn,
mo sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lóru:
"Mùdá, jẹ́ ká sùn!"

Ní ìwé kẹrin, nọ́ńbà dáwọ́ dúró.
Ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣófo.
Ó kọ ọ́ wẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ wọn:
"Dúró níhìn-ín kí ọkọ̀ ojú irin kọjá."

Ìbídàpọ̀ ní òun kò rí irú àmì bẹ́ẹ̀ rí.
Ọkọ̀ wo? Ewúrẹ́ ló ń jẹko láàrin irin báyìí.

Lálẹ́ àná, wọ́n ti mú iná lọ,
ó gbé tọ́ọ̀ṣì fún mi, mo ta á dé ibẹ̀.
Mo gbé ọwọ́ kúrò.
Abọ́ tánganran Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí pẹpẹ,
lẹ́yìn náà fèrèsé, lẹ́yìn náà omi inú àmù.
Wágùnù kan, wágùnù méjì, èyí tó kó màlúù,
èyí tó ṣófo, tó ń pariwo ju gbogbo wọn lọ.

"Màámi, ẹ ti gbàgbé èyí tó kàn ni?
Òdo ni, lórí okùn kejì."

Mo ní kó dákẹ́ ná,
ìrù rẹ̀ kò tíì kọjá.