Wàrà Ọmọ Mẹ́wàá

Agogo mẹ́fà kù díẹ̀, ìrì ṣì wà lórí páànù,
mo ti mú kọ́kọ́rọ́ ilé ọmọ wẹ́wẹ́ dání.
Ìyàrá ò tíì jí tán.
Àwọn ìyá ló kọ́kọ́ ń dé,
àdá lọ́wọ́, ọmọ lẹ́yìn,
garawa òfìfo lórí,
nítorí kaṣú ti ń já bọ́ láti òru,
ẹni tó bá pẹ́ dóko, ewúrẹ́ ni yóò bá nídìí igi.

“Òkun o, Ìyá Jẹ́mírìn.”
“Òkun. Ṣé ó sùn dáadáa?”
“Ó wúkọ́ díẹ̀.”
Wọ́n á tú ọ̀já, ọmọ á figbe ta,
wọn ò ní bojú wẹ̀yìn.
Mi ò bá wọn wí. Ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn kò ní í lè lọ.

Kí ìjọba tó kọ́ ilé yìí,
abẹ́ igi là ń tẹ́ ọmọ sí.
Mo tẹ́ tèmi síbẹ̀ rí,
mo fi ìborùn bò ó, mo ń ṣa èso lọ, mo ń ṣa èso lọ,
kí n tó gbọ́ igbe, paramọ́lẹ̀ ti ṣán an lẹ́sẹ̀.
Ó yè. Ó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì n’Ísàńlú báyìí,
ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni kì í wọ bàtà.
Ìyẹn ni wọ́n ṣe rí mi gbà síṣẹ́ yìí.
Mi ò sọ ọ́ fún wọn nígbà náà.

Ìwé dé láti Kábà, òǹtẹ̀ rẹ̀ ń dán:
wàrà páálí méjì fún ọmọ mẹ́wàá lóṣù,
ẹní mẹ́wàá, ife mẹ́wàá, síbí mẹ́wàá.
Àwọn mẹ́wàá tó níwèé ọjọ́ ìbí nìyẹn.
Ẹ wá bá mi kà wọ́n.
Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n.

Mosúnmọ́lá wà níbẹ̀, Ọbaníyì wà níbẹ̀,
Ìbítóyè tó máa ń jẹ yẹ̀pẹ̀.
Ozohu náà wà níbẹ̀, ọmọ Ebira,
tí bàbá rẹ̀ ń kọ ebè fún olóko nísàlẹ̀ òkè,
tó ti mọ “wá jókòó” ní èdè wa
kó tó mọ “mi ò fẹ́” ní tiwọn.
Omi ni mo fi ń yanjú ìṣirò náà.

Ọ̀gbẹ́ni Mẹ́jàbí wá bẹ ilé wò lọ́jọ́ Wẹsidé,
eruku pupa bo bàtà rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀.
Ó kà á, ó tún un kà.
“Ìyá, àwọn méje yìí ò sí nínú ìwé.”
Mo ní, “Wọ́n wà nínú ilé.”
“Ìwé nìjọba ń bọ́, mà.”
“Ó dáa. Ẹ gbé ìwé náà jókòó síbí,
kí n bu wàrà sí i lẹ́nu.”
Ẹ̀rín pa á, kò fẹ́ rín in.
Ozohu rọra wá, ó fọwọ́ ẹ̀kọ di ṣòkòtò rẹ̀ mú.
Ó wolẹ̀. Ó bèèrè bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ yẹn.
Èmi náà ò mọ̀ ọ́n kọ.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ tòkè dé ní ìrọ̀lẹ́, a bi í.
Òun náà ò mọ̀ ọ́n kọ.
Ó kàn ń pè é, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta,
títí Mẹ́jàbí fi rí nǹkan kan kọ.

Ìyẹn ti pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún. A ò gbọ́ nǹkan.
Owó mi ti wọ oṣù kẹta tí kò dé.
Àwọn ìyá ń rọra gbé mudù kaṣú sẹ́nu ọ̀nà,
bí ẹni pé ó jábọ́ lọ́wọ́ wọn.
Mo ń gbà á. Mi ò torí ẹ̀
yọ gbèsè kúrò lọ́rùn ẹni tó jẹ ẹ́.

Mo ti fi èékánná fàlà sára ife kọ̀ọ̀kan,
ibi tí wàrà dé, tí omi ti bẹ̀rẹ̀.
Páálí kejì ti kù sí ìdajì.
Oṣù ṣì ku ọjọ́ mọ́kànlá.