Orí Ẹ̀rọ

Mo di àjọ oṣù mẹ́rìnlá sínú ọ̀rá dúdú,
mo há a mọ́ abíyá, mo gba ọ̀nà Òkè-Fìà.
Mùfútáù ọmọṣẹ́ mi ń tẹ̀lé mi pẹ̀lú téèpù,
ó ti wọn ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wa,
ká má baà ra ohun tí kò ní wọlé.
Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó gbọ́n jù mí lọ lọ́jọ́ yẹn.

Tìámíyù ṣí tapólì lára ti àkọ́kọ́:
tókunbọ̀, gbọọrọ bí pósí,
ó lè tẹ bánà tó máa bo ilé alájà méjì.
Ó tàn án. Òórùn yíǹkì gún mi nímú dé àtàrí.
Mo ní, "Orí rẹ̀ ńkọ́?"
Ó ní, "Ẹ má wo ti orí, Màdáàmù, ẹ wo bó ṣe gùn tó."
Ẹ má wo ti orí!
Orí tó wọ́n ju gbogbo ara ẹ̀rọ lọ,
orí tó jẹ́ pé bó bá dí, ìyókù di irin tí wọ́n ń wọ̀n tà.

Ìkejì mọ́ tónítóní, omi ni wọ́n fi po yíǹkì rẹ̀,
àwọ̀ rẹ̀ ń dán bí ètè ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ máńgòrò.
Ìkẹta ò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ.
Yíǹkì tirẹ̀ kì í ṣe omi, kò sì tíì di májèlé,
owó rẹ̀ fi ọ̀kẹ́ mẹ́fà ju àjọ mi lọ.

Mi ò ra nǹkan kan.
Mo ní kó tẹ ọ̀rọ̀ kan náà fún mi lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Orúkọ ara rẹ̀ ló tẹ̀.
Mo kó Tìámíyù mẹ́ta relé, mo so wọ́n mọ́ páànù ẹ̀yìnkùlé
láti oṣù Agẹmọ.
Tìámíyù olómi ò rí ọ̀sẹ̀ kejì, òjò ńlá kan fọ̀ ọ́ lọ.
Tìámíyù tókunbọ̀ fara dà á,
ṣùgbọ́n ìlà funfun kan là á láàárín bí ilà ojú:
orí ti ní ẹjọ́ látilẹ̀.
Ìkẹta ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ ń la ètè wa.
Pupa rẹ̀ ṣá díẹ̀. Èwo ni kì í ṣá?
Mo yá ọ̀kẹ́ mẹ́fà lọ́wọ́ Sùwébátù àbúrò mi.

Ìyá bàbá mi re aró ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ìkòkò kan ṣoṣo.
Bó bá ri aṣọ lẹ́ẹ̀kan, ó di ojú sánmà ní ìdájí;
bó bá rì í lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó di òru.
Ìgò mẹ́rin lèmi ní: búlúù, pupa, yẹ́lò, dúdú,
títí dòní, mi ò tíì rí aró ìyá àgbà níbẹ̀.
Mùfútáù ní ká fi pupa díẹ̀ sí i.
A fi í. Ó dà bí ojú ẹni tí wọ́n gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́.

Láràárọ̀, kí n tó rin pákò,
mo máa ń jẹ́ kó tẹ ìlà mẹ́rin, kí orí má baà gbẹ.
Iná wà tàbí kò sí, bẹntiróòlù ni mo fi ń bọ orí oní-orí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́: Alàgbà Oyèlàràn, olùsìn adìẹ lọ́nà Ìdó Ọ̀ṣun.
A Ń TA ẸYIN. Kò le rárá.
Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò mọ àmì, iná sì fẹ́ lọ,
mo bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀: A N TA EYIN.
Alàgbà yọ gíláàsì ojú, ó tún un wọ̀,
ó fọwọ́ kan méjì tó kù nínú èrìgì rẹ̀:
"Ta ni mo yọ eyín ẹ̀ tí mo fẹ́ tà?"

Búrọ́ọ̀ṣì bàbá mi wà nínú agolo, irun rẹ̀ ti gan.
Mo rì í bọ kẹrosíìnì, mo fi kan ọ̀dà dúdú,
mo kúnlẹ̀ níwájú bánà bí ẹni tó jẹ gbèsè,
mo kán àmì kan sábẹ́ lẹ́tà náà.
Ó yí sápá òsì díẹ̀.
Mo fẹ́ nù ún. Alàgbà ní kí n fi sílẹ̀,
ó jọ pé adìẹ ló yé e síbẹ̀.