Ìṣẹ́jú Méjì

Àárọ̀ ni wọ́n máa ń le.
Ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún, méjì lọ́wọ́ òsì,
bí ẹni pé wọ́n lọ sùn síbòmíràn mọ́jú
tí wọn ò tíì padà dé.
Mo máa rì wọ́n sínú omi lílọ́wọ́ọ́
títí ọkọ̀ Ìlọrin àkọ́kọ́ yóò fi kọjá lójú títì,
wọ́n á sì dẹ̀.

Ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀.
N kò yarọ. N kò ké lóru.
Mo ṣì ń fi ẹ̀mú gbé síkúrúù tó kéré ju ojú èèrà lọ
nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Tákíe.
Nítorí náà, nígbà tí Dókítà Oyèyinká
ka ìwé àyẹ̀wò tán, tó ní làkúrègbé ni,
irú èyí tí ara fúnra rẹ̀ ń gbógun ti oríkèé,
ẹ̀rín ló pa mí.
Mo ní, ṣé nítorí ìnira ìdajì wákàtí?

Kò bá mi rẹ́rìn-ín.
Ó ní ká bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́sẹ̀ yìí gan-an.
Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kì í ṣe lójoojúmọ́ o;
ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Wọn yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọn yóò máa yẹ ẹ̀dọ̀ wò.
Ẹmu tí mò ń bá Gbádégẹṣin mu ní Sátidé, ó dìgbóṣe.

Ẹ̀dọ̀ mi ńkọ́, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni?

Ọjọ́ mọ́kànlá ni oògùn náà fi wà lójú fèrèsé.
Gbádégẹṣin ní òrí àti àdín ti tó.
Àsàkẹ́ kò sọ nǹkan kan.
Ó kàn ń bá mi de bọ́tìnnì ọrùn ọwọ́ mi
kí n tó bẹ̀ ẹ́.
Ìyẹn ló dùn mí jù.
Mo rántí ìyá bàbá mi ní Ìjẹrù,
ọwọ́ rẹ̀ tó lọ́ pọ̀ bí atalẹ̀,
bó ṣe máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ife mọ́ra
bí ẹni ń gbé ẹyẹ.
Ta ló mọ ọjọ́ tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀?

Lọ́jọ́ kejìlá, Tíṣà Láwọyin gbé aago rẹ̀ wá.
Ó ní, "Ìṣẹ́jú méjì péré ló ń fi sẹ́yìn lójúmọ́.
Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣé kí n ṣì máa lò ó lọ?"
Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n
jáde lẹ́nu mi láìbéèrè ààyè:
"Ìgbà tó bá ń falẹ̀ ni kí ẹ gbé e wá.
Bó bá dákẹ́ tán, eyín rẹ̀ ti jẹ ara wọn."
Ẹ̀mú dúró lọ́wọ́ mi lófuurufú.
Tíṣà ní, "Kí ló dé?"
Mo ní kò sí.

Alẹ́ Sọ́ńdè, wóró mẹ́fà, àwọ̀ ìyeyè.
Mo gbé márùn-ún mì.
Ìkẹfà há mi lọ́fun, ó korò, mo tún bu omi.
Lọ́jọ́ Ajé, inú mi ń rú
bí ti ẹni tó kọ ẹ̀yìn síwájú nínú ọkọ̀ akẹ́rù.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìka ṣì le.
Dókítà ti wí pé ó lè tó oṣù mẹ́ta.
Máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná ni;
bó bá so, ẹ wá bi mí.

Aago Tíṣà ń bẹ lára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò.
Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti ta epo sí i.
Nígbà tí rédíò kéde aago méje,
ó ṣì ku ìdajì ìṣẹ́jú.
Mo na ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan,
mo sọ aago náà kalẹ̀,
mo tún ṣí ẹ̀yìn rẹ̀.