Kẹ̀kẹ́ Màsẹ́lì

Orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi ìṣó fín sí ọrùn kẹ̀kẹ́ mi:
Màsẹ́lì.
Ó bá ọkọ̀ òkun gúnlẹ̀ sí Kùtọnu
láàárín fìríìjì tó ti kú àti ibùsùn ọmọ ọwọ́.
Rafíù tó ń ta àlòkù ló gbé e wá sí Kétu.
Ó ní, "Ìyá Abẹ́gúndé, ó fúyẹ́ ju gbèsè tí ẹ jẹ mí lọ."
A jọ rẹ́rìn-ín. Mo san ìdajì.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa ẹ̀rọ ìránṣọ.
Ẹsẹ̀ mi ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀,
kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń yí, bẹ́líìtì ń sáré,
mi ò sì kúrò lẹ́bàá fèrèsé.
Bí a bá da gbogbo ìrìn yẹn sórí títì,
ǹjẹ́ mi ò ti yí ayé po lẹ́ẹ̀mejì?
Ohun tí mò ń rò nìyẹn láàárọ̀ tí mo jáde lẹ́nu Àkábà,
ìrì ṣì wà lára ògiri,
òwú funfun ṣì lẹ̀ mọ́ apá ẹ̀wù mi.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló kọ́kọ́ gbà mí.
Ẹni tí kò bá tíì fi kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ rí
kò lè mọ̀ pé atẹ́gùn ní ọwọ́:
ó tú gèlè mi, ó wọ inú etí,
ó pariwo ohun kan tí mi ò lè sọ fún yín.
Igi tẹ́ẹ̀kì ń sá sẹ́yìn.
Ewúrẹ́ kan dúró, ó rò ó, ó yà.

Ṣùgbọ́n àfonífojì Ọ̀họ̀rí kì í ṣe ibi tí à ń fò kọjá.
Mo yà kúrò lórí ọ̀dà fún ọkọ̀ símẹ́ńtì,
ni ilẹ̀ dúdú bá di táyà mi mú
bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ lọ ọjà.
Ó lẹ̀, ó wúwo, ó dí búrèkì,
mo wá ń gbé ohun tó yẹ kó gbé mi.
Bàbá kan ń ti oko ẹ̀wà bọ̀, ilà kún ojú rẹ̀,
ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi igi ha ẹrẹ̀ kúrò.
"Ta ló ń lé ọ?"
Kò sẹ́ni, bàbá.
"Ta wá ni ìwọ ń lé?"
Mo la ẹnu, ẹnu ṣófo.
Ó ní, "Máa lọ. Bó o bá bá a, bá mi kí i."

Ní Ìpóbẹ́, ọ̀pẹ fún mi ní ìbòjì díẹ̀díẹ̀, bí ahun.
Ní Ṣákétẹ́, ṣéènì bọ́.
Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo fi tù ú nínú.
Ọmọ sẹ́mìjàn kan ní òun á gbé mi lọ́fẹ̀ẹ́,
mo ní rárá;
orúnkún mi ni kò bá mi sọ ọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Àjàṣẹ́,
láàárín ilé àtijọ́ àwọn Àgùdà.
Ọ̀dà ń bó lára wọn,
ṣùgbọ́n òdòdó tí wọ́n mọ sókè fèrèsé kò tíì rọ.
Mo fi ojú aránṣọ wò ó:
ẹni tó ṣe é kò kánjú gba owó.

Lẹ́yìn náà, ọ̀sà.
Àkájà àwọn apẹja dúró nínú omi bí oko tí kò lẹ́bẹ̀.
Obìnrin kan tó ń yan ẹja fi èdè Ògù kí mi:
"Kúàbọ̀."
Ọ̀rọ̀ tiwa náà ni,
ó kàn wọ aṣọ tí ẹlòmíràn rán.

Mo ti kẹ̀kẹ́ wọ omi, ẹrẹ̀ Ọ̀họ̀rí ń ṣàn lọ.
Màsẹ́lì, mi ò mọ̀ bóyá o ti darúgbó,
bóyá o kú, bóyá o kàn ra tuntun.
Mo mú ìṣó dání láti fín orúkọ mi sábẹ́ tìrẹ,
ilẹ̀ ṣú kí n tó rí àyè.
Ẹnìkan ń wò mí láti inú omi, gèlè rẹ̀ ti tú.
Mo bá bàbá kí i.

Aṣọ ìyàwó méjì ń dúró dè mí ní Kétu.
Lọ́la, ọ̀nà kan náà ni,
gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òwúrọ̀ yìí á sì ti di òkè.