Òṣómàáló

Tíṣà Fápohùndà ló kọ ọ́ sára pátákó
ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan tí òjò ń lu páànù ilé ìwé wa l'Ókèṣà:
"Ọgbọọgba la dá gbogbo ènìyàn."
Ó ní àwọn tó tẹ Amẹ́ríkà dó ló sọ bẹ́ẹ̀,
pé ọba kankan kò ní jẹ lé àwọn lórí mọ́,
ará ìlú ni yóò máa yan ẹni tí wọn yóò rán níṣẹ́.
A dà á kọ. Yíǹkì mi ń ṣàn.

Ìbílọlá tó jókòó tì mí nawọ́ sókè:
"Ẹni tó kọ ọ́ ńkọ́, sà? Ṣé kò lẹ́rú?"
Ṣọ́ọ̀kì dúró lọ́wọ́ tíṣà.
Ó pẹ́ kó tó ní, "Ó ní."
Ó tún ní, "Ó ní wọn púpọ̀."
Kò sì pa ohun tó kọ rẹ́.

Ìbílọlá ti di ará Òháyò, ó ti búra fún àsíá wọn.
Lálẹ́ àná ó pè mí láti orí ìlà ìdìbò.
Wákàtí mẹ́rin, ó ní, ẹsẹ̀ òun ti wú;
ládùúgbò àwọn olówó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.
Ó ní wọ́n fa ààlà wọ́ọ̀dù wọn bí ejò tó gbé ọ̀pọ̀lọ́ mì,
ẹni tó yẹ ká yàn ló kọ́kọ́ yan àwọn tí yóò yàn án.

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí òrùlé tirẹ̀ náà ń jò.
Níhìn-ín, lẹ́bàá Ẹrẹ́jà,
kóńgò ìrẹsì mẹ́ta ni ìbò kan lọ́dún tó kọjá.
Mo mọ ẹni tó gba tirẹ̀, tó fi se jọ̀lọ́ọ̀fù.
Èmi náà jẹ ńbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ òṣómàáló ni mí.
Bàbá bàbá mi ru aṣọ láti Iléṣà dé Ọ̀fà,
ó tà á láwìn.
Bí ọjọ́ bá pé tí owó ò wọlé,
a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
kò ní bú u, kò ní lù ú, kò sì ní jókòó:
"Òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi."
Kò sọ ọ́ rí pé torí onígbèsè sá pamọ́ sẹ́yìn àká,
aṣọ tí òun tà kì í ṣe aṣọ mọ́.

"Ìbílọlá," mo ní, "ìlà ńkọ́?"
Ó ní, "Kò tíì sún. Orúnkún ń dùn mí,
n kò lè dúró mọ́, wọn ò sì gbé àga fún wa.
Mo ti lóṣòó."